Orúkọ tí Ìyá Dúútì Kò Dá

Ìlà mẹ́wàá ni Bọ̀ọ̀dá Mùfú ní kí n kọ nípa Màmá. Àwọn ni àkọ́bí Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí mi, àwọn ló ń ṣètò fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ti pín in fún gbogbo àwa ọmọ ọmọ, ìlà mẹ́wàá mẹ́wàá, nínú ìwé pẹlẹbẹ tí a máa fún àwọn tó bá wá ṣàdúà. Ráfíù àbúrò mi ti kọ tiẹ̀, ó ní Màmá dà bí òṣùpá. Ọmọ Bọ̀ọ̀dá Mùfú obìnrin kọ tiẹ̀, òun náà ní òṣùpá. Èmi ò mọ òṣùpá kankan o. Èmi Wàsíù, tí gbogbo Ṣómólú mọ̀ sí Wàsíù Kọ́tà torí ẹ̀rọ tí mo fi ń gé pépà, èmi ni mo ń tẹ ìwé náà, èmi ni mo máa gé e, èmi ni mo máa fi pín-ìn-nì kàn án pọ̀. Ta ló fẹ́ wá máa ka ìlà mọ́ mi lọ́wọ́?

Kí n tètè sọ ọ́, mi ò kàwé jáde. Ó ku ọdún kan kí n parí sẹ́kọ́ńdìrì ni mo fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè láti Palmgrove títí dé Bàríga, ẹni tó lè gé òdidì rímù pépà kan kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dán bíi gíláàsì, ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n máa júwe fún yín.

Ìdí tí ìlà mẹ́wàá ò fi lè tó nìyí. Láti bí ọdún mẹ́wàá, àwọn èèyàn kan ń sọ ọ́ kiri Bàríga pé Màmá ṣe màgòmágó ìbò nílé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni, pé wọ́n gbé ọmọ ọmọ wọn wọlé, pé ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n gan-an, mò ń gbé omi kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan ń sọ fún ẹnì kejì ẹ̀ pé, "Ìyá dáadáa ni o, ti ọ̀rọ̀ ìbò yẹn nìkan ṣá." Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí èmi ni ọmọ ọmọ náà. Mo fẹ́ kí orúkọ Màmá mọ́ kí wọ́n tó ṣàdúà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ fún yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní yé yín ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Sífíìkì ni Màmá ń kọ́ wa, ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú, bó ṣe yẹ kó bá ẹlòmíì gbé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣirò ló máa ń bọ́ sí, nígbà tí oòrùn ti mú, tí ebi ti dé. Àwọn tíṣà yòókù á kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á ní ká dà á kọ. Màmá kì í kọ nǹkan kan. Wọ́n á wọlé, wọ́n á gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ta ló ni gọ́tà iwájú géètì?" Ẹnì kan á ní ìjọba. Ẹlòmíì á ní ìyá tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ ni. Màmá á ní, "Ẹ dìde ká lọ bi í." La bá jáde sójú títì, ọmọ bí ogójì, à ń bi gọ́tà léèrè ọ̀rọ̀.

A kọ lẹ́tà sí káńsù lórí gọ́tà yẹn. Wọn ò fèsì. Táàmù kejì, a tún kọ ọ́. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo dìde, ẹnu mi kì í dilẹ̀ nígbà yẹn, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jáwọ́, àwọn èèyàn yìí ò lè kàwé." Màmá wo ẹ̀yìn wọn, bí ẹni pé màmá ẹnì kan ló wọlé. Nílé nìkan ni wọ́n ti ń jẹ́ Màmá fún mi, nílé ìwé "Mà" ni. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀, wọ́n ní: "Tí o bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi di ẹ̀pà. Tí o bá kọ ọ́ ní táàmù mẹ́fà, wọ́n á ní láti wá fáìlì fún un."

Ohunkóhun tí o bá ní ẹ̀tọ́ ẹ ni, wọ́n á ní, "Mo gbọ́. Dúútì ẹ, ojúṣe ẹ, ńkọ́?" Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti sọ wọ́n ní Ìyá Dúútì. Àwọn ọmọ rò pé wọn ò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan pe orúkọ yẹn lójú fèrèsé, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Màmá ò tiẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, "Dúútì gbọ́ o. Padà wá mú ìwé ẹ tó o gbàgbé."

Èèyàn tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni, ṣùgbọ́n wọn kì í gba irú ọ̀wọ̀ kan. Tí a bá lọ síbi tí wọ́n ti ń tò, ní báńkì tàbí ní ilé ìwòsàn, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ níwájú." Wọn ò ní lọ. Ọjọ́ kan a lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì pè wọ́n. Mo ti di báàgì wọn mú, mo ti ń tì lọ síwájú, mo ní, "Màmá, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá, ẹsẹ̀ ń dùn yín."

"Ẹsẹ̀ ń dun obìnrin tó wà níwájú mi náà, ó tún lóyún. Wọ́n ti pe òun?"

Nọ́ọ̀sì gbọ́. Ó pe olóyún. Ó pe bàbá kan tó ń gbọ́pá. Màmá ṣì wà ní ààyè wọn, wọ́n ń bá ìyá ọlọ́mọ kan sọ̀rọ̀ nípa lẹ́sìnnì tí ọmọ ẹ̀ ń gbà lẹ́yìn ilé ìwé. Ó tó wákàtí méjì. Mo ti bínú tán. Mo ní wọ́n ń fi ìyà jẹ ara wọn lásán. Wọ́n ní: "Tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi, kí wọ́n jẹ́ kó kárí."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Màmá fẹ́ràn ìjà. Wọ́n bá onílé jà, wọ́n bá ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ kọjú sí fèrèsé wa jà, wọ́n bá àbúrò tiwọn fúnra wọn jà ní gbogbo ìgbà tí ìbò bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan lórí ìjà. Kí o tó rojọ́ ẹnikẹ́ni, o máa kọ́kọ́ bá onítọ̀hún ro tiẹ̀, bí òun fúnra ẹ̀ ì bá ṣe rò ó, títí á fi gbà pé ohun tí òun fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ìgbà yẹn lo tó lè sọ tìẹ.

Ráfíù wọ bàtà mi jáde, ó dá a padà pẹ̀lú ẹnu tó ti là. Mo gbé bàtà tọ Màmá lọ.

"Sọ ti Ráfíù ná," wọ́n wí.

"Ráfíù olè ni."

"Ráfíù, ṣé ohun tó o fẹ́ sọ nìyẹn?"

"Rárá, Màmá."

"Wàsíù, tún un sọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un sọ. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ní bàtà tiẹ̀ ti já láti ọjọ́ méjì, ó ti sọ fún mi, mo fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó sì fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọmọ síṣẹ́. Ráfíù mi orí. Ó kàn mí. Mo ní, "Màmá, ẹjọ́ mi ti tán lẹ́nu mi." Wọ́n ní: "Kò tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kéré tó bó ṣe yẹ kó kéré ni."

Mo ti lo òfin yẹn lẹ́ẹ̀mejì fún oníbàárà tó ń bú mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣiṣẹ́. Mi ò sọ fún Màmá nígbà tí wọ́n wà láyé, torí wọ́n á yangàn. Mo ń sọ ọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọlọ́pàá. Mo ti kúrò nílé ìwé nígbà yẹn. Ọ̀sán gangan ọjọ́ Sátidé kan ni, wọ́n kó àwa márùn-ún níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Bàríga. Wọ́n ní à ń rìn gbéregbère, a sì wà lórí ìjókòó. Ẹnì kan sáré lọ sọ fún Màmá. Wọ́n dé ti àwọn ti báàgì ìwé ìdánwò tí wọ́n fẹ́ máàkì.

Sájẹ́ǹtì ní, "Màmá, ẹ lọ wá nǹkan wá, kẹ́ ẹ mú un lọ."

"Kí ló ṣe?"

"Ó ń rìn gbéregbère."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n kà á."

Kò kọ ọ́. Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú káńtà, wọ́n yọ bírò pupa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí máàkì. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n gbójú sókè. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ bá mi wo eléyìí. Ọmọ yìí kọ ọ́ pé ọlọ́pàá ò lè ti èèyàn mọ́lé láìsọ ohun tó ṣe fún un. Ṣé kí n fún un ní máàkì?" Ọlọ́pàá obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá máàkì lọ. Ó tún ṣe díẹ̀, "Ọ̀gá, eléyìí ní wọ́n lè tì í tó bá wù wọ́n. Mo fún un ní òdo, àbí kí n fún un ní ìdajì?" Kí ìrun alásàrí tó tó, wọ́n ti ní kí àwa máràrùn-ún máa lọ. Èmi nìkan kọ́ o, Màmá ní àwọn ò ní dìde bí ò bá pé márùn-ún.

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Màmá, ẹ ṣé tí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Wọ́n dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. "Mi ò bẹ ẹnì kankan. Mò ń máàkì ni."

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìbò.

Tẹ́lẹ̀, àwọn tíṣà ló máa ń yan pírífẹ́ẹ̀tì. Màmá ní a ò lè máa kọ́ ọmọ ní ìdìbò lẹ́nu ká má jẹ́ kó dìbò. Ọdún méjì ni wọ́n fi bá Pírínsípà fà á kó tó gbà. Kíláàsì wa ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Mo jáde fún hẹ́ẹ̀dìbọ́ì. Oríyọmí náà jáde, ọmọ Ìlàjẹ ní Bàríga níbí, létí ọ̀sà, tí bàbá ẹ̀ ń pẹja, tí ìyá ẹ̀ ń yan án tà. Ọmọ alága ẹgbẹ́ òbí náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ka ìyẹn kún. Èmi rò pé mo ti wọlé tán. Ta ló fẹ́ dìbò fún Oríyọmí tí kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí Wàsíù wà? Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ kéékèèké. Òun ló máa ń bá wọn pọnmi, òun ló máa ń là wọ́n níjà. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ara mi ò gbà á.

Màmá ò fẹ́ kí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ṣe ìwé ìbò, wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè ṣe fọ́tòkọ́pì. Wọ́n ra pépà yẹ́lò, wọ́n gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ibẹ̀ náà ni àwọn fúnra wọn fi mí sí láti máa kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, kí n má baà máa rìn kiri. Wọ́n sọ iye tí wọ́n fẹ́ fún ọ̀gá mi, iye orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Ohun tí Màmá ò mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń tẹ̀wé tó ń tẹ iye tí wọ́n bá ní kó tẹ̀. A máa ń fi wéésítì sí i. Íǹkì á pọ̀ jù lára àwọn ewé àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á fa òmíì ya, o gbọ́dọ̀ ní àfikún tí wàá fi dí i. Tí iṣẹ́ bá wá jáde dáadáa, àfikún á ṣẹ́ kù, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló máa ya á dànù. Èmi ni mò ń kọ́ṣẹ́. Mi ò ya á.

Ogójì ló dáa nínú ẹ̀. Mo gé e fúnra mi nígbà tí ọ̀gá mi lọ kírun, mo tẹ̀ka síwájú orúkọ mi lára gbogbo ẹ̀, mo ká a pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Jímọ̀ tí a dìbò, òjò rọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ò wá, mo sì mọ̀ pé ogójì ò ní jẹ́ kó ju iye ọmọ ilé ìwé lọ. Èmi ni mo bá Màmá gbé àpótí láti kíláàsì lọ sí yàrá àwọn tíṣà, torí èmi ni mo máa ń bá wọn gbé ẹrù. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ẹni tó ń du ipò ò yẹ kó fọwọ́ kan àpótí. Màmá pàápàá ò rò ó. Lórí àtẹ̀gùn ni mo ti tì í wọlé. Wọ́n kà á, mo fi ìbò mọ́kàndínlógún ju Oríyọmí lọ. Wọ́n gbé mi sọ́rùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ti da gbogbo ìbò sórí ẹní. Wọ́n ní, "Wá bá mi kà á." Mo ka ti inú àpótí. Wọ́n wá yọ àwọn ìwé ìbò tí ẹnikẹ́ni ò lò jáde nínú báàgì wọn, ti àwọn ọmọ tí ò wá. Mo ka ìyẹn náà. Wọ́n ní kí n rò ó pọ̀. Ó fi ogójì lé. Gbogbo ìṣirò tí mo ṣe, mi ò rántí pé èyí tí wọn ò lò máa ṣẹ́ kù. Bí mo ṣe máa ń kánjú nìyẹn.

Màmá mú ìdìpọ̀ kan. Tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé pépà, tí o ò bá gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Kò sí ọmọ Ṣómólú tí ò mọ ìyẹn, Màmá sì ti gbébẹ̀ fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Wọ́n fi èékánná ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n tún ya òmíì. Wọn ò wojú mi.

"Wàsíù, ṣé nǹkan wà tó o fẹ́ sọ fún mi?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa. A ṣì ní Sátidé àti Sọ́ńdè."

Mi ò sọ nǹkan kan ní Sátidé. Mi ò sọ nǹkan kan ní Sọ́ńdè. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbé báàgì wọn tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Pírínsípà, mo sì gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Pírínsípà ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀. Ìbò ọmọdé ni. Lẹ́tà ipò yín sì wà lójú ọ̀nà."

"Kò dáa, sà. Ìbò tí kì í ṣe tọmọ kankan wà nínú ẹ̀."

"Ta ló fi í sí i?"

"Ẹni tó ṣe é mọ ara ẹ̀."

"Tí ẹ ò bá dárúkọ ẹnì kan, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní ó ṣe é. Ọmọ yín ló wọlé."

"Mo mọ̀, sà."

Màmá jáde sí àsẹ́ńbìlì. Wọ́n ní ìdìbò ọjọ́ Jímọ̀ ò dáa, àwọn ló wà nídìí ẹ̀, àwọn ni kí wọ́n bi, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n tún un dì. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́, wọ́n ń wo gbogbo wa. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n dìde. Bàtà mi ni mò ń wò.

Wọn ò tún un dì. Pírínsípà fi ọmọ alága ẹgbẹ́ òbí ṣe hẹ́ẹ̀dìbọ́ì. Lẹ́tà ipò ò dé mọ́. Wọ́n gbé Màmá lọ sílé ìwé kan lẹ́yìn Ìkòròdú, ibẹ̀ ni wọ́n ti lo ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n ti jáde nìyẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Inú bí mi sí wọn. Mo ní ì bá sàn kí wọ́n dárúkọ mi, kí wọ́n nà mí, kó tán. Wọ́n ní: "Tí mo bá dárúkọ ẹ, mo ti gba iṣẹ́ ẹ ṣe."

Ojú tì mí láti padà sílé ìwé, mo wá ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé ìwé ò wúlò. Màmá bá mi sọ ọ́ títí, mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ di pé a ń kíra, a kì í sọ̀rọ̀. Ó tó ọdún méjì.

Ọjọ́ kan, mo wà nídìí ẹ̀rọ, mo gbójú sókè, Màmá ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńfílóòpù. Ìbéèrè ìdánwò ilé ìwé tuntun wọn ni, gbogbo kíláàsì, wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Ibi ìtẹ̀wé kún Ìkòròdú. Èmi ni wọ́n wá bá. Mo di ẹ́ńfílóòpù yẹn mú. Mo ní, "Màmá, ẹ̀rù ò bà yín?" Wọ́n ní: "Ó ń bà mí. Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wéésítì ẹ̀ ni mo sun lójú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kankan ò jáde síta ṣáájú ìdánwò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo lè di èèyàn gidi nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń yìn mí ní Ṣómólú lónìí, Màmá ló ń yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń bi mí, lọ́jọ́ Iléyá, tí wọ́n bá ń fún mi ní ẹran: "Ṣé o ti dé Ìlàjẹ?" Màá ní mi ò tíì débẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọ̀nà ẹ̀ ò jìn." Wọn ò jẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún yìí, àìsàn ti dá wọn dúbúlẹ̀, wọ́n ṣì bi mí. Mo ní mi ò tíì débẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ẹ̀ ò jìn.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n lọ, mo kọ gbogbo ohun tí ẹ ti ń kà bọ̀ yìí, mo gbé e lọ fún Bọ̀ọ̀dá Mùfú. Wọ́n kà á lórí ìdúró. Ìgbà tó yá wọ́n jókòó.

"Wàsíù, ṣé o mọ̀ pé mo bá ìyá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí? Mo ní wọ́n ba orúkọ wa jẹ́ nítorí ẹ."

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní kí n bá wọn bu omi." Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. "Ọdún mẹ́wàá. O sì ń jẹun nínú ilé yìí."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́. Kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọlé gan-an ńkọ́? Ṣé inú ìwé fìdáù ló ti máa kà á?"

Bí mo ṣe lọ sí Ìlàjẹ nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Lóòótọ́, kò jìn. Oríyọmí ti di ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, gíríìsì kún ọwọ́ ẹ̀, èéfín ẹja ń fẹ́ bọ̀ láti ilé kejì.

"Ẹ̀n-ẹ́n, hẹ́ẹ̀dìbọ́ì," ó wí, kò dúró níṣẹ́. "Mo gbọ́ pé Màmá ti lọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ ire. Ìwé ìpè lo mú wá?"

"Kà á ná."

Ó nu ọwọ́, ó gbà á, ó kà á. Kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Nígbà tó parí, ó tún padà sí ojú ìwé tí ìbò wà.

"Ogójì lo fi sí i."

"Ogójì."

"O wá fi mọ́kàndínlógún jù mí lọ. Mo fi mọ́kànlélógún jù ẹ́ lọ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wo omi. "Mo rò pé wọn ò fẹ́ mi ni. Mo rò pé òórùn ẹja ni. Wọ́n ní kí n jáde fún akọ̀wé ẹgbẹ́ wa níbí, ẹ̀ẹ̀mejì, mi ò jáde. Mo ní mo ti jáde rí."

Mo ti ń kúnlẹ̀. Ó di apá mi mú. "Dìde jàre, ilẹ̀ tútù. O kọ gbogbo ẹ̀ síbí, ti ọlọ́pàá, ti bàtà. Èsì ńkọ́?"

"Èsì wo?"

"Èsì ìbò. Ẹnikẹ́ni ò kà á rí. Kọ ọ́ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kà á, kí Màmá lè parí iṣẹ́ wọn."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi ojú ìwé kan kún un. Òun nìyí.

Ìdìbò hẹ́ẹ̀dìbọ́ì tí Alhaja, Ìyá Dúútì, ṣe abójútó ẹ̀ láìṣe màgòmágó kankan. Ìbò ogójì tí Wàsíù fi sí i, a ti yọ ọ́ kúrò. Wàsíù fìdí rẹmi. Oríyọmí, ọmọ Ìlàjẹ, fi ìbò mọ́kànlélógún jù ú lọ. Òun la dìbò yàn.